Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ta Ni Yóò Sọ Fún Olórí Ìjọba Pé A Kò Fẹ́ Ẹ Mọ́?



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò tíì pẹ́, bí a ti ń jáde kúrò ní ilé ìsìn, ìyá àgbà kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà èwe mi pè mí sí abẹ́ igi. Ó ní ọmọ-ọmọ òun obìnrin, tí ó wà ní ìwé kẹfà, ti fi ìbéèrè kan dá òun dúró. Olùkọ́ wọn ti kọ́ wọn pé ìjọba tí ó dára ni èyí tí àwọn ará ìlú yàn fúnra wọn. Ọmọ náà gbé ẹ̀kọ́ yìí délé, ó sì bèèrè pé, “Màmá Àgbà, a ti mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Bí wọn kò bá wá fẹ́ ẹ mọ́ ńkọ́, ta ni yóò sọ fún un?” Ìyá náà wí fún mi pé òun rẹ́rìn-ín, òun sì ní kí ó lọ fọ abọ́. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ náà ni oorun kò ti kun òun lójú tó mọ́, nítorí pé ìbéèrè kan náà yìí ni ó jó ilé bàbá òun ní ọdún 1965.

“Kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn,” ni ó wí, “kí o sì kọ ọ́ lọ́nà tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan, nítorí pé nínú ilé wa, apá méjèèjì ni a ní.”

Èmi yóò gbìyànjú. Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé le, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin ìpìlẹ̀ jẹ́. Òfin pọ̀ ní ìlú: òfin owó orí, òfin ọjà, òfin ìgbéyàwó, òfin ọkọ̀ wíwà. Àwọn aṣòfin a máa ṣe wọ́n, wọn a sì máa pa wọ́n rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún àwọn aṣòfin ní àṣẹ láti máa ṣòfin? Ta ni ó sọ iye tí wọn yóò jẹ́, iye ọdún tí wọn yóò lò, àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Ìwé tí ó sọ èyí ni òfin ìpìlẹ̀, tí àwọn amòfin ń pè ní kọnstitúṣọ̀n. Ó dàbí àdéhùn tí àwọn ọmọ bàbá kan kọ sílẹ̀ lórí ilé ẹbí: bí a ó ṣe máa yan olórí ẹbí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ẹnì kan lè dá ta yàrá kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, inú gbogbo wọn dùn, wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì ti ìwé náà bọ inú àpótí. Ọjọ́ ìjà ni a tó ń wá a, tí a ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ọ̀rọ̀ tí a kò fiyè sí ní ọjọ́ tí a kọ ọ́ ni yóò sì di ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí.

Òfin ìpìlẹ̀ tí Nàìjíríà fi gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1960 jẹ́ ti irú ìjọba tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ń pè ní ìjọba pálímẹ́ńtì. Kò rí bí èyí tí a ń lò lónìí. Lónìí, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń dìbò fún Ààrẹ, gbogbo ìpínlẹ̀ sì ń dìbò fún Gómìnà. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni a fi ń yàn wọ́n, àwọn mínísítà wọn kì í sì í jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin. Ní ti pálímẹ́ńtì, ará ìlú kì í dìbò fún olórí ìjọba rárá. Ẹni tí yóò ṣojú àdúgbò rẹ̀ nìkan ni ó ń yàn. Àwọn tí a yàn wọ̀nyí ni yóò pé jọ sí ilé kan, ẹni tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn bá sì tẹ̀lé ni a ó fi ṣe olórí ìjọba. Inú ilé náà ni òun àti àwọn mínísítà rẹ̀ ń jókòó. Wọ́n ń wo ojú àwọn alátakò, a ń bi wọ́n ní ìbéèrè nípa owó, nípa ọ̀nà, nípa ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ẹ wo ìdìbò oṣù December 1959 fún ilé aṣòfin ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Àyè 312 ni ó wà nínú ilé náà. Ẹgbẹ́ NPC ti ilẹ̀ Àríwá gba 134. NCNC àti NEPU tí ó bá a dòwòpọ̀ gba 89. Action Group, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, gba 73. Àwọn ìyókù sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àti àwọn tí ó dá dúró. Kò sí èyí tí ó tó ìdajì nínú wọn. NPC àti NCNC bá para pọ̀, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa di olórí ìjọba, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì di olórí àwọn alátakò. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní iye ni ó ni ìjọba. Ọjọ́ tí iye náà bá fi í sílẹ̀, ìjọba ti fi í sílẹ̀ nìyẹn, ì báà ṣe ọdún mẹ́rin ni ó lò tàbí oṣù mẹ́rin.

Báwo ni a ṣe wá ń mọ̀ pé iye ti fi í sílẹ̀? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíkà ni a ń kà wọ́n nínú ilé. Ní ọjọ́ 28 oṣù March 1979, àwọn alátakò gbé àbá kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé ilé kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba James Callaghan mọ́. Nígbà tí a kà wọ́n tán ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tí kò fẹ́ ẹ jẹ́ 311, àwọn tí ó fẹ́ ẹ jẹ́ 310. Ẹnì kan ṣoṣo! Ọmọ ẹgbẹ́ Callaghan kan wà, Sir Alfred Broughton, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé rẹ̀ ní Yorkshire. Ó ṣe tán kí a fi ọkọ̀ aláìsàn gbé òun wá, nítorí pé bí ó bá ti dé inú ọgbà ilé aṣòfin, a lè ka ìbò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ̀kalẹ̀. Callaghan mọ̀ pé ọkùnrin náà lè kú lójú ọ̀nà, ó sì ní kí a fi í sílẹ̀ sí ilé rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Broughton kú. Callaghan kò sọ àga lu ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó ní àwọn yóò gbé ẹjọ́ àwọn lọ síwájú àwọn ará ìlú; ní ọjọ́ 3 oṣù May ará ìlú dìbò, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ Margaret Thatcher.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo tí a lè gbé lé orí tábìlì. Àṣà ni púpọ̀ nínú tiwọn. Láti ọdún 1834 tí Ọba William kẹrin ti lé Lord Melbourne kúrò nípò, kò tún sí ọba kan níbẹ̀ tí ó lé olórí ìjọba. Kò sí òfin tí ó wí pé kí ọba má ṣe é. Wọn kò kàn ṣe é mọ́ ni.

Kí a má sì rò pé àwọn nìkan ni ó ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin kì í dá ìlú ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni ó ń yàn án, àwọn náà ni ó sì lè kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ ọba, a ó gbé igbá fún un. Ọba tí a bá gbé igbá fún kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé ikú ni. Ìyà náà le jù, a sì mọ̀ pé ẹni burúkú lè lo àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ìlòkulò: Baṣọ̀run Gáà fi í pa ọba lórí ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1774. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àṣà náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àmì rẹ̀ kò ní iyèméjì nínú. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè bóyá igbá ni igbá.

Ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, ìwé òfin kò sọ irú igbá tí a ó gbé.

Olóyè Awólọ́wọ̀ ti fi ipò Pírẹ́míà ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀ ní òpin ọdún 1959 láti lọ sí Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì bọ́ sí ipò náà. Kò pẹ́ tí àárín àwọn méjèèjì fi dàrú. Ohun tí ó fà á pọ̀, èmi kò sì ní tú u palẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ojú ìwé yìí kò ní gbà á, ìyá tí ó rán mi níṣẹ́ kò sì ní dárí jì mí. Ó tó kí a sọ pé nígbà tí yóò fi di oṣù May 1962, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti pinnu pé kí Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀, òun sì kọ̀.

Gómìnà ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà ni Sir Adéṣọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, ẹni tí ó dúró ní ipò Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé òfin wí pé Gómìnà kò gbọdọ̀ mú Pírẹ́míà kúrò, àfi bí ó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ ilé aṣòfin kò tẹ̀lé Pírẹ́míà náà mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù May, Gómìnà ní ìwé kan lọ́wọ́. Ọmọ ilé 66 ni ó fọwọ́ sí i, nínú ilé tí ó ní àyè 124. Wọ́n ní àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ìdajì 124 jẹ́ 62. Gómìnà ka orúkọ wọn, ó sì hàn sí i. Ó mú Akíntọ́lá kúrò, ó sì fi Alhaji Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró sí ipò rẹ̀.

Akíntọ́lá gba kóòtù lọ. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí yìí ni ìbéèrè ọmọ náà wà. Ọ̀rọ̀ “hàn sí i” kéré bí ẹyọ ọkà, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti wúwo tó. Ohun tí ó hàn sí Gómìnà, níbo ni ó ti hàn? Ṣé nínú ilé aṣòfin, níbi tí a ti ń ka ìbò ní gbangba, ni ó gbọ́dọ̀ ti hàn, àbí ó lè hàn nínú yàrá Gómìnà lórí bébà?

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá wí pé inú ilé nìkan ni. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí a yàn láti ṣojú ìlú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá dìde nínú ilé, tí gbogbo ènìyàn rí i, tí àwọn tí ó yàn án lè bi í pé èéṣe. Ṣùgbọ́n a lè mú bébà lọ bá ènìyàn ní òru. A lè fi owó yí i lórí, a lè fi ẹgbẹ́ dẹ́rù bà á, ó sì lè fọwọ́ sí tiyín ní àárọ̀ kí ó fọwọ́ sí ti ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Olórí ìjọba pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti dìde níwájú àwọn tí ó fẹ́ kọ̀ ọ́, kí ó sọ tẹnu rẹ̀ kí a tó kà wọ́n.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Adégbénró dáhùn pé ìwé òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí ó kọ ọ́ bá fẹ́ kí ó jẹ́ ìbò nínú ilé, kí ni ó dí wọn lọ́wọ́ láti kọ “ìbò”? “Hàn sí i” ni wọ́n kọ. Bí àgbàlagbà 66 bá kọ orúkọ wọn pé àwọn kò tẹ̀lé ẹnì kan, kí ni ó tún kù tí kò hàn? Bí olórí ìjọba bá sì mọ̀ pé òun yóò fìdí rẹmi bí ilé bá jókòó, kí ni yóò mú un fẹ́ kí ilé jókòó? Bí ẹni tí a fẹ́ yọ bá lè fa ọjọ́ ìpàdé sẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ nìkan ni a sì ti lè yọ ọ́, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò yọ ọ́ láéláé.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ń ka ìwé yìí sókè fún àwọn ọmọ yín lálẹ́, ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí ẹ bi wọ́n pé ta ni ó jàre. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ ní ilé tèmi. Àwọn ọmọ mẹ́rin pín sí méjì-méjì, oúnjẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù.

Kí kóòtù tó dáhùn, ilé aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù May. Bí ó bá ṣe pé a ka ìbò ní ọjọ́ náà ni, gbogbo àríyànjiyàn yìí ìbá parí láàárín wákàtí kan, ẹni tí ó bá sì borí, kò sí ẹni tí ó lè bá a wíjọ́. A kò ka ìbò. Bí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin fò sókè, ó ń pariwo. Wọ́n ń ju àga lu ara wọn, wọ́n sì ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ ilé náà. Àwọn ọlọ́pàá yin èéfín tajútajú. Wọ́n tún jókòó lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ náà, ó sì tún dàrú bákan náà. Èmi kò mọ̀ bí ó ti rí lára yín, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà, èyí ni mo kà sí búburú jùlọ, mo sì kà á bẹ́ẹ̀ láìwo ẹni tí ìbò náà ìbá gbè. Ènìyàn lè ṣàṣìṣe nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé òfin, kí adájọ́ sì tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fi àga dí ẹnu ìbò, kò sí adájọ́ tí ó lè tún un kà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù May, ilé aṣòfin ìjọba àpapọ̀ kéde ní Èkó pé ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn wà nínú ipò pàjáwìrì. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Pírẹ́míà méjèèjì àti lọ́wọ́ Gómìnà, wọ́n sì fi Dókítà Moses Adékòyéjọ Májẹ̀kódùnmí, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. A fi òfin dí àwọn olóṣèlú mọ́ ibi kan. Ẹjọ́ ń lọ síbẹ̀. Ní oṣù July, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, dá a fún Akíntọ́lá: adájọ́ mẹ́ta wí pé inú ilé ni ó gbọ́dọ̀ ti hàn, ẹnì kan ṣoṣo, Sir Lionel Brett, kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí ipò pàjáwìrì parí ní òpin ọdún 1962, Akíntọ́lá padà sí ipò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1963, láìjẹ́ pé ará ìlú tún dìbò.

Ní ọjọ́ wọnnì, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní Èkó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Adégbénró gbé tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù May 1963, ó ku ọjọ́ méjì kí ó pé ọdún kan tí a kéde ipò pàjáwìrì, Lord Radcliffe ka ìdájọ́ wọn. Wọ́n ní àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni a fi ń túmọ̀ ìwé tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀. Ìwé náà ni a ó kà. Ìwé náà sì wí pé bí ó bá hàn sí Gómìnà, kò fi ibì kan ṣoṣo lélẹ̀ tí ó ti gbọ́dọ̀ hàn sí i. Bébà orúkọ 66 náà tó. Adégbénró jàre.

Ẹ̀yin yóò rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn pé jọ kíákíá, wọ́n tún ìwé òfin kọ, pé láìsí ìbò nínú ilé, Gómìnà kò lè mú Pírẹ́míà kúrò. Títí dé ibẹ̀ n kò rí àléébù. Bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn ẹbí bá ṣókùnkùn, ó yẹ kí a là á yé. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé kí òfin tuntun náà dàbí ẹni pé ó ti wà láti oṣù October 1960. Nípa báyìí, ẹni tí ó jàre ní Lọ́ńdọ̀nù di ẹni tí ó jẹ̀bi ní Ìbàdàn, lábẹ́ òfin tí kò sí nígbà tí ó ṣe ohun tí ó ṣe. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tí ń ta ayò lábẹ́ igi odán fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti rí ìrẹ́jẹ lóríṣiríṣi; n kò tíì rí ẹni tí ó jẹ ayò tán, tí ẹnìkejì rẹ̀ wá wí pé láti àná ni a ti yí bí a ṣe ń jẹ ẹ́ padà. Nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1963, ọ̀nà Privy Council náà dí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, àwọn àgbà inú ilé mọ̀ ọ́n, mo sì ń fura pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ìdìbò ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù October 1965, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbàgbọ́ pé èsì tí a kà jáde ni ìbò tí wọ́n dì. Wọn kò sì tún gbàgbọ́ mọ́ pé kóòtù tàbí ilé aṣòfin lè bá wọn ṣe é. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ “wẹ́tìẹ̀” wọ inú èdè wa: a ó bu epo bẹntiróòlù wọ ilé tàbí ọkọ̀ ẹni, a ó sì ṣáná sí i. Ìyá tí ó rán mi níṣẹ́ jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà. Ẹgbẹ́ kan ni bàbá rẹ̀ wà, ẹgbẹ́ kejì ni àbúrò bàbá rẹ̀ wà, inú agbo ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Kò sọ fún mi èwo ni ó wà níbo, n kò sì bèèrè. Ohun tí ó sọ ni pé nígbà tí iná dé, kò mọ yàrá ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, àti pé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá òun nìkan ni wọ́n rí gbé jáde. Ní ọjọ́ 15 oṣù January 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Wọ́n pa Akíntọ́lá, wọ́n pa Balewa, ìjọba pálímẹ́ńtì Nàìjíríà sì parí.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tiwọn. Ní Jámánì, òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1949 wí pé ilé aṣòfin kò lè yọ olórí ìjọba, àfi bí ó bá yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ nínú ìbò kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Helmut Kohl ṣe gba ipò Helmut Schmidt ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1982. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti rọrùn tó fún àwọn ènìyàn láti para pọ̀ kọ ẹnì kan, àti bí ó ti ṣòro tó fún wọn láti para pọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn, yóò mọ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní tiwa, nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1979, a fi pálímẹ́ńtì sílẹ̀, a sì gba ìjọba Ààrẹ. Ìwé òfin ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yíyọ Gómìnà sílẹ̀ fún “hàn sí i”. Abala 188 kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn pé Gómìnà hùwà àìtọ́ tí ó burú. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni yóò gbà pé kí a wádìí rẹ̀. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yóò yan ènìyàn méje tí kì í ṣe òṣèlú láti gbọ́ ẹjọ́ náà, Gómìnà yóò sì lè sọ tẹnu rẹ̀ níwájú wọn. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀sùn náà jẹ́ òótọ́, ilé yóò tún dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi hàn. Gómìnà tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀, tí kò kàn wu ẹnikẹ́ni mọ́, yóò lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé.

Síbẹ̀, Ìbàdàn kan náà ni a tún ti dán an wò. Ní oṣù January 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wí pé àwọn ti yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìpàdé ní ilé ìtura dípò ilé aṣòfin. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, èló ni? Ó lé ní 21, nítorí náà 22 ni ó gbọ́dọ̀ pé. Ní oṣù December ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé yíyọ náà kò bófin mu, Ládọjà sì padà sí ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ lé ìdájọ́ náà lórí, kò sì sí ẹni tí ó yí òfin padà sẹ́yìn.

Ní oṣù February 2024, ọgọ́ta nínú àwọn ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin 360 ní Àbújá gbé àbá kalẹ̀ pé kí Nàìjíríà padà sí ìjọba pálímẹ́ńtì. Wọ́n ní ìjọba Ààrẹ ń náni lówó púpọ̀, àti pé àṣẹ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ìjọba tí mínísítà gbọ́dọ̀ dìde dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn alátakò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ibi tí a ti kọ bí olórí ìjọba yóò ṣe kúrò ni èmi yóò kọ́kọ́ ṣí.

Mo ka ìwé yìí fún ìyá náà kí n tó fi ránṣẹ́ sí Ọlọ́tùú. Ó gbọ́ ọ dópin, ó sì ní kí n yọ ibi tí mo ti dárúkọ ìlú wọn, mo sì yọ ọ́. Ó ní òun yóò jẹ́ kí ọmọ náà kà á fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán, nígbà tí àbúrò bàbá òun, tí ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí, bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó wo bí a ṣe ń ka àbá òfin lẹ́ẹ̀mẹta nínú ilé aṣòfin kí ó tó di òfin, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i láàárín kíkà èkíní àti èkejì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá tún bi ní ìbéèrè tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.